Ọba tí Kò Kúnlẹ̀: Gáà, Aólẹ̀ àti Ọ̀ràn Ìrẹ̀lẹ̀ níwájú Ọlọ́run

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ wa tí ó pinnu pé kí a má fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ mọ sí ọgbà yunifásítì, kí a gbé e wá sí àárín ìlú, níbi tí àwọn tí ó ni èdè náà gan-an ń gbé. Àṣà wa ni pé kí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ láwùjọ ó kọ́kọ́ júbà. Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé, mo júbà àwọn tí ó ti rin ọ̀nà yìí kí n tó dé ibẹ̀. Kí ìbà mi ó ṣẹ.

Kókó tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kò ṣòro láti sọ, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti tú. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọba, tàbí ẹnikẹ́ni tí agbára ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀, bá ṣe ìkà, tí a sì kìlọ̀ fún un, tí ó kọ̀ láti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run? Èwo ni ojú wa ti rí nínú ìtàn Yorùbá? Ọ̀nà wo sì ni àwọn òpìtàn àti àwọn òǹkọ̀wé wa gbà sọ ọ́ fún wa?

1. Ìbéèrè náà

Bí ènìyàn bá rìn láti ààfin Oṣọlọ̀ títí dé Òkè-Àfà, yóò kọjá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí púpọ̀. Ó ṣòro kí a rí èyí tí a kò tí ì wàásù nípa Fáráò nínú rẹ̀. Onígbàgbọ́ mọ̀ ọ́n nínú Ìwé Ẹ́kísódù, ọba tí ó béèrè pé ta ni Olúwa náà tí òun yóò fi gbọ́ tirẹ̀. Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n nínú Kùránì, ọba tí ó pe ara rẹ̀ ní olúwa àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí omi bò ó mọ́lẹ̀ ni ó tó sọ pé òun gbàgbọ́. Ìrẹ̀lẹ̀ tí ó dé lẹ́yìn tí omi ti kún ẹnu kò gba ẹnikẹ́ni là.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ mìíràn wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀, tí mo sì rò pé ó jinlẹ̀ ju ti Fáráò lọ. Nínú Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 33, a kà nípa ọba méjì ní Jerúsálẹ́mù, Mánásè bàbá àti Ámónì ọmọ. Mánásè jọba fún ọdún 55. Ìwà búburú rẹ̀ kò ní àfiwé, títí kan pé ó fi ọmọ ara rẹ̀ rúbọ nínú iná. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é lọ sí Bábílónì. Ibẹ̀ ni ó ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, a sì dá a padà sórí ìtẹ́. Ámónì ọmọ rẹ̀ ṣe ọdún 2 péré, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pa á nínú ilé rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí ni pé ìwé náà kò ka ìkà kan sí Ámónì lọ́rùn tí bàbá rẹ̀ kò ṣe. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó fi sáàárín wọn ni pé bàbá tẹ̀, ọmọ kò tẹ̀. Ẹni tí ó kọ ìtàn náà mọ̀ pé alágbára kan kì í pẹ́ kí ó tó ṣìkà. Ohun tí ó ń wò ni bóyá orúnkún rẹ̀ ṣì lè kan ilẹ̀.

Àwọn kan ti sọ pé èrò yìí kò sí lọ́dọ̀ wa kí ẹ̀sìn ìwé tó dé, pé ọba Yorùbá dà bí òrìṣà, àti pé ẹni tí ó jẹ́ òrìṣà kò ní ẹni tí yóò kúnlẹ̀ fún. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé àwọn baba wa mọ ọ̀ràn yìí tinú tẹ̀yìn, wọ́n sì ti ṣe òfin fún un.

2. Ọba tí ń kúnlẹ̀

A máa ń kí ọba ní "Aláṣẹ, èkejì òrìṣà". Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n sì rò pé ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kò sí ẹni tí ó ga ju ọba lọ. Ẹ jẹ́ kí a fetí sí i dáadáa. Ẹni tí a bá pè ní èkejì, a ti sọ fún un lójú gbogbo ayé pé ẹnìkan wà níwájú rẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni ó gbé ọba ga, tí ó sì pààlà fún un.

Ètò ààfin Ọ̀yọ́ jẹ́ kí ààlà yìí hàn gbangba. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé pé obìnrin kan wà láàfin tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ìyámọdẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa bọ ẹ̀mí àwọn ọba tí ó ti wàjà. Obìnrin ni, ṣùgbọ́n Bàbá ni Aláàfin ń pè é. Bí Aláàfin bá ń kí i, yóò kúnlẹ̀. Bí obìnrin náà bá ń dá a lóhùn, òun náà yóò kúnlẹ̀. Kò sí ẹ̀dá mìíràn tí Aláàfin ń kúnlẹ̀ fún. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún Ṣàngó, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí Ṣàngó bá gùn, nítorí pé ní àkókò náà, òrìṣà ni ó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò yìí. Bí obìnrin náà bá jókòó nígbà tí ọba kúnlẹ̀, yóò di pé a ti gbé agbára kúrò lórí ẹnìkan lọ sórí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni ó kúnlẹ̀. Ọba kúnlẹ̀, ẹni tí ọba kúnlẹ̀ fún náà kúnlẹ̀, ohun tí àwọn méjèèjì ń foríbalẹ̀ fún kò sì hàn sí ojú. Àwọn tí ó ṣe òfin yìí kò fi ìrẹ̀lẹ̀ ọba sílẹ̀ fún ọkàn ọba nìkan. Wọ́n mọ̀ pé ọkàn a máa yí padà. Nítorí náà wọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ sí orúnkún, wọ́n sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣe.

Wọn kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Baṣọ̀run, olórí Ọ̀yọ́mèsì, ni ó ń bá Aláàfin bọ ọ̀run, láti mọ̀ bóyá ọ̀run ṣì gba ìjọba rẹ̀. Bí ìwà ọba bá ti kọjá ohun tí ìlú lè gbà, wọn yóò gbé igbá òfo sí i, tàbí ẹyin odídẹ. Ọba tí ó bá rí ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó kàn. Ògbóni sì wà lẹ́yìn, wọ́n ń ṣọ́ Ọ̀yọ́mèsì náà. Nínú ìṣètò yìí, ẹni tí ó bá kọ̀ láti tẹ́tí sí ìgbìmọ̀ ti kọ̀ láti tẹ́tí sí ọ̀run, nítorí ẹnu ìgbìmọ̀ ni ọ̀run ń gbà sọ̀rọ̀.

3. Gáà: ẹni tí ó gba ìkúnlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀

Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí ó jẹ́ ẹnu ọ̀run bá sọ ara rẹ̀ di ọ̀run? Ìdáhùn ìtàn ni Gáà.

Láti nǹkan bí 1754 títí di 1774, Baṣọ̀run Gáà ni ó di Ọ̀yọ́ mú. Ọba márùn-ún ni ó rí lórí ìtẹ́. Ó rán mẹ́rin lọ sí ọ̀run, ẹ̀karùn-ún ni ó rán òun náà lọ. Lábísí kò lò ju ọjọ́ 17 lọ, wọn kò tilẹ̀ tí ì parí ètò ìwúyè rẹ̀. Awọ́nbíojú, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ Odùbóyè, lo ọjọ́ 130. Ìdí tí Awọ́nbíojú fi kú ni ó kàn wá jù lọ nínú ọ̀rọ̀ òní. Gáà fẹ́ kí ọba máa wá dọ̀bálẹ̀ kí òun. Awọ́nbíojú sì sọ fún un pé Aláàfin kan kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ abẹ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́ ìgbéraga ni èyí? Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè sọ pé ọba náà kọ̀ láti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, pé ohun tí ó wá ni ó rí. Ṣùgbọ́n bí a bá rántí Ìyámọdẹ, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ Aláàfin ti ní ẹni tí ó ni ín. Gáà ń bèèrè ohun tí ó jẹ́ ti Ṣàngó. Kíkọ̀ tí Awọ́nbíojú kọ̀ jẹ́ ìtẹríba fún ẹni tí ó ju Gáà lọ, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ san án. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa, nítorí pé àwọn alágbára fẹ́ràn láti máa wàásù ìrẹ̀lẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí a tó pe ẹnìkan ní agbéraga, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ó ní kí ó kúnlẹ̀.

Abíọ́dún Adégoólú, ọba karùn-ún, gba ọ̀nà mìíràn. Àràárọ̀ ni ó ń lọ sí ilé Gáà láti lọ dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pe èyí ní ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn. Ọgbọ́n ẹni tí ó ń dúró de ọjọ́ ni. Ọjọ́ náà dé nígbà tí ìkà Gáà wọ inú ìsìn pàápàá. Gáà ń wá ẹran tí yóò fi bọ òrìṣà rẹ̀, orúkọ ẹran náà sì jọ Agbọ́nyìn, orúkọ ọmọbìnrin ọba. Gáà mú ọmọ náà, ó fi í rọ́pò ẹran. Adébáyọ̀ Fálétí lo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí nínú eré-onítàn rẹ̀, Baṣọ̀run Gáà, tí ó jáde ní 1972, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwà Gáà ti hàn pátápátá. Gáà kò ṣíwọ́ láti máa bọ òrìṣà. Ó ń rúbọ, ó ń wúre, ó ń pa ẹran. Ṣùgbọ́n ìsìn ti di irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ òrìṣà ni ó ń gbà dé ọrùn ọmọ ẹlòmíràn.

Èyí ni mo ka sí ìwọ̀n tí ó péye jù lọ fún ọba búburú nínú ìtàn wa. Ọba tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni alágbára tí ó ń gbàdúrà láràárọ̀, tí ó sì gbà pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn òun nínú gbogbo ohun tí òun bá fẹ́ ṣe. Ní 1774, Abíọ́dún dìtẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Àjàṣẹ́. Wọ́n pa ìdílé Gáà run, òun náà sì kú ikú oró. Títí di òní ni a ń pa á lówe pé bí o bá láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́.

4. Aólẹ̀: ẹni tí ó fi bàbá rẹ̀ ṣe ohun ìjà

Abíọ́dún wàjà ní 1789. Aólẹ̀ ni ó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí jù lọ nígbà tí wọ́n bá ń wá ìdí tí Yorùbá fi tú ká.

Johnson kọ ọ́ pé kí Aólẹ̀ tó jọba, ó máa ń ná ọjà Apòmù, níbi tí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ìjínigbé pọ̀ ní ọjà náà. Láti Ọ̀yọ́ gan-an ni àṣẹ ti wá fún Baálẹ̀ Apòmù pé kí ó má jẹ́ kí a máa ta ọmọ Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Aólẹ̀, ọmọ ọba, mú ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ rìnrìn àjò, ó tà á. Baálẹ̀ gba ọ̀rẹ́ náà sílẹ̀, ó sì na Aólẹ̀ ní ẹgba gẹ́gẹ́ bí òfin. Òfin tí Aláàfin fúnra rẹ̀ ṣe ni ó mú ọmọ ọba, ó sì bá a wí. Bí Aólẹ̀ bá fẹ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láyé rẹ̀, ọjọ́ náà ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.

Ó di ẹrù ẹgba náà sínú. Nígbà tí ó jọba, wọ́n bi í, gẹ́gẹ́ bí àṣà, pé ta ni ọ̀tá rẹ̀ tí wọn yóò kọ́kọ́ bá jà. Nínú gbogbo ilẹ̀ ayé, orúkọ Baálẹ̀ Apòmù ni ó dá. Baálẹ̀ sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé ogun yóò tìtorí òun ba ìlú jẹ́, ó pa ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gé orí òun lọ fún Aláàfin láti fi tù ú nínú. Ẹ wo àwọn ènìyàn méjì wọ̀nyí. Aólẹ̀ ni ó wà lórí ìtẹ́, tí ogun wà lábẹ́ rẹ̀. Baálẹ̀ ìlú kékeré kan ni ó fi ara rẹ̀ lélẹ̀ nítorí àwọn ènìyàn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá béèrè èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó ṣe ìṣe ọba, ìdáhùn kò jìnnà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì kan ìwé Kùránì. Wọ́n kó ẹrù oníṣòwò Haúsá kan, Kùránì rẹ̀ sì wà nínú ẹrù náà. Ó ké gba ọba. Aólẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, èyí tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n Kùránì di àwátì, Baṣọ̀run Aṣamu sì ní òun kò rí i. Ọba bínú, ó ní bí wọn kò bá lè rí i fún òun, bàbá òun yóò bá òun wá a. Ta ni bàbá tí ó ń wí? Ṣàngó ni. Láìpẹ́, àrá sán lu ilé Baṣọ̀run, àwọn oníṣàngó sì ya bo ilé náà fún owó ìtánràn ńlá. Ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìdájọ́ òdodo fún àlejò parí sí ẹ̀san. Ṣàngó tí ó yẹ kí ọba máa dọ̀bálẹ̀ fún ni ó ń rán níṣẹ́ bí ẹni rán ìlàrí. Níbi tí Gáà ti gba ìdọ̀bálẹ̀ tí ó jẹ́ ti òrìṣà, Aólẹ̀ sọ òrìṣà fúnra rẹ̀ di ìránṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti Àfọ̀njá, ẹni tí ó fi ipá gba oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Òfin ni pé Kakaǹfò tí a bá rán lógun gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí kí ó kú. Aólẹ̀ rán an lọ sí Ìwéré, ìlú tí odi àti òkè yí ká, kí ó lè kú síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun mọ ète náà. Wọ́n pa àwọn ará ààfin tí ó tẹ̀lé wọn, wọ́n yí padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì gbé igbá òfo ránṣẹ́ sí ọba.

Ní nǹkan bí 1796, Aólẹ̀ bọ́ sí iwájú ààfin. Ó ta ọfà sí àríwá, sí gúúsù àti sí ìwọ̀-oòrùn. Ó gégùn-ún pé ibi gbogbo tí ọfà òun dé ni a ó kó wọn lẹ́rú lọ, pé ọmọ yóò ṣàìgbọràn sí baba, pé ẹrú yóò di ọ̀gá. Ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀, nítorí pé igbá tí ó fọ́ ṣeé gán, àwo tí ó fọ́ kò ṣeé tún ṣe. Lẹ́yìn náà ó jẹ májèlé. Ó ku ikú tí òfin là sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò tẹ̀. Mánásè nínú ẹ̀wọ̀n wo ara rẹ̀. Aólẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ wo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì rí ẹ̀bi wọn nìkan.

5. Ta ni ó sọ ìtàn náà?

Iṣẹ́ wa nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ni láti béèrè ẹnu tí ìtàn kan ti jáde wá kí a tó gbà á. Lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ. Ilé Abíọ́dún ni ó ṣẹ́gun Gáà. Kì í ṣe ọmọ Gáà ni ó sọ ìtàn Gáà fún wa. Àwọn tí ó kọ Aólẹ̀ sílẹ̀ ní láti sọ pé ó yẹ ní kíkọ̀. Johnson fúnra rẹ̀ jẹ́ àlùfáà. Ojú tí ó fi ka Ìwé Àwọn Ọba ni ó fi wo àwọn Aláàfin, tí ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣáájú ìparun.

Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí ó kọ́ wa ní sùúrù ni ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí Ààrẹ Látòósà yọ lóyè, tí wọ́n sì pa ní 1874. Nínú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí a tẹ̀ ní 1970, obìnrin náà kọjú ìjà sí Ọlọ́run nítorí ikú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì ń pa ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó bá lóyún. Eré náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbàgbé pé eré ni. Bọ́láńlé Awẹ́ wá tún ìtàn náà gbé yẹ̀ wò nínú ìwé tí ó jáde ní 1992, ó sì fi hàn pé obìnrin olówó tí ó tako olórí ogun ní ọ̀tá púpọ̀ tí ó jàǹfààní nínú bíba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ǹjẹ́ èyí sọ gbogbo ìtàn ọba búburú di asán? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a tilẹ̀ yọ gbogbo ohun tí ọ̀tá lè fi kún ìtàn Aólẹ̀, ọjà Apòmù ṣì kù, títa ènìyàn ṣì kù. Ìwọ̀n tí àwọn arọ́kin fi wọn ọba ni ó ṣe iyebíye jù lọ fún wa. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wúwo tó láti bi ìtẹ́ ṣubú, wọn kò sọ pé Aólẹ̀ gbàgbé ẹbọ. Wọ́n sọ pé ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bínú sí ẹni tí ó fi òfin bá a wí.

6. Ègún àti gbèsè

A máa ń gbọ́ ọ nínú ìwàásù, nínú ìpàdé òṣèlú àti lẹ́nu àwọn àgbà pé ègún Aólẹ̀ ni kò jẹ́ kí Yorùbá wà ní ìṣọ̀kan. Àwọn kan ti gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Èmi kò wá láti fi àdúrà ẹnikẹ́ni ṣẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí a tọ ìtàn náà lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn Aólẹ̀, Àfọ̀njá kọ̀ láti sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ó gba ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn mọ́ra. Ní 1817 àwọn ẹrú dìde. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1824, àwọn tí Àfọ̀njá pè wá ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ti pa á. Ogun Òwu, tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín àkókò yìí, inú ọjà Apòmù kan náà ni ó ti ṣẹ́, lórí ìjínigbé àti aáwọ̀ ọlọ́jà. Ní 1821 wọ́n kó ìlú Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú. Ní nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro.

Ṣé ọfà Aólẹ̀ ni ó ṣe gbogbo èyí? Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé kí Aólẹ̀ tó gégùn-ún rárá, Apòmù ti ń ta ènìyàn. Òwò tí ó ti ń lọ lábẹ́ ojú gbogbo wọn, láàárín ọba àti ìjòyè, ni ègún náà dárúkọ. Bí a bá sọ pé ègún ni, a ti di aláìmọwọ́mẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀bi sì di ti òkú kan. Bí a bá sọ pé gbèsè ni, a óò béèrè ẹni tí ó jẹ ẹ́, iye rẹ̀, àti bí a ó ṣe san án. Àjàyí tí a tà ní 1821 di Samuel Crowther, Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó túmọ̀ Bíbélì tí odindi rẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá ní 1884. Ọmọ tí àwọn agbéraga tà ni ó fún èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ìtàn Fáráò. Ó dá mi lójú pé nígbà tí ó ń wá ọ̀rọ̀ fún ọkàn líle, kò nílò láti ronú jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ dé ilé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, 27 oṣù Jánúárì 2002, ohun ìjà tí ìjọba kó pamọ́ sí àgọ́ ọmọ ogun ní Ìkẹjà, láàárín ìlú tí ènìyàn kún, bú gbàmù. Àwọn ènìyàn sá lọ nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì já sínú omi ní Òkè-Àfà, nítòsí ibi tí a jókòó sí yìí. Àwọn tí ó kú nínú ìjàǹbá náà ni a ṣírò pé kò dín ní ẹgbẹ̀rún kan, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀ kò nílò kí àlejò sọ èyí fún yín. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ máa ń pè wá sí àdúrà. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí mo sọ yìí, Gáà gbàdúrà, Aólẹ̀ náà gbàdúrà. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé kí wọ́n jẹ́ kí a bá wọn wí. Aláṣẹ tí ó bá fẹ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run, iwájú ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò padà wálé ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó dáhùn ìbéèrè rẹ̀, kí ó sì ṣe ohun tí ìbéèrè rẹ̀ náà bá bi í láti ṣe.

Àwọn baba wa fi orúnkún Aláàfin sí abẹ́ òfin. Lóde òní, ìwé òfin, kóòtù, ìbò àti ìwé ìròyìn ni ó dúró ní ipò Ìyámọdẹ. Ìjòyè wa tuntun kò ní ààfin Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó yẹ kí ó kúnlẹ̀ sí. Bí ó bá kọ̀, tí àwa náà sì ń pe kíkọ̀ rẹ̀ ní àyànmọ́ tàbí ègún àtijọ́, a ti bá a fọ́ àwo náà.

Ọ̀gbẹ́ni Alága, ibi tí mo fẹ́ bá ọ̀rọ̀ dé nìyí. Kí Ọlọ́run ó jẹ́ kí àwọn tí ó ń ṣe olórí wa ó mọ ẹni tí ó wà níwájú wọn, kí ó sì fún àwa tí a ń tẹ̀lé wọn ní ìgboyà láti máa rán wọn létí.